Bí A Ṣe Ń Wá Ilé fún Ológbò Tí Gbogbo Ènìyàn Ń Kọ̀: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Ará Abẹ́òkúta

Ológbò dúdú kan gbé oṣù mọ́kànlá ní yàrá ẹ̀yìn ilé mi ní Adátán kí ó tó rí ẹni mú un lọ. Ojú kan ni ó ní. Àwọn ọmọ kan ni wọ́n sọ ọ́ lókùúta nítòsí ọjà, nígbà tí mo sì máa fi gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹran, ojú òsì ti fọ́. Láàárín oṣù mọ́kànlá yẹn, ọmọ ológbò mẹ́sàn-án ni àwọn ènìyàn wá mú lójú rẹ̀, tí wọ́n gbé wọn lọ tẹ̀ríntẹ̀rín, òun sì ń wò wọ́n láti orí àpótí tí ó ti sọ di tirẹ̀. Ohun tí ó kọ́ mi ni mo fẹ́ là sílẹ̀ níhìn-ín fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gba ológbò tí kò nílé sọ́dọ̀, ìbáà jẹ́ ẹyọ kan tàbí márùn-ún: ológbò tí a ń kọ̀ kò nílò kí gbogbo ayé fẹ́ràn rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo tí ó bá a mu ni ó nílò, òtítọ́ nípa rẹ̀ ni a sì fi ń rí ẹni náà.

Kí ẹ tó gba ẹyọ kan sílé

Ilé ìtọ́jú tí wọn kì í ti í pa ẹran ni ibi tí a kì í gba ẹ̀mí ẹran nítorí pé àyè kún, tàbí nítorí pé ó ti darúgbó, tàbí nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ kò wu ènìyàn. Ní Amẹ́ríkà, àdéhùn tí SPCA ìlú San Francisco, ẹgbẹ́ tí ń gbógun ti ìwà ìkà sí ẹranko, bá ẹ̀ka ìjọba tí ń mójú tó ẹranko ṣe ní ọdún 1994, pé kò sí ẹran tí ara rẹ̀ le tí ó sì ṣeé gbé fún ènìyàn tí wọn yóò pa mọ́, jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí ó mú kí àwọn ìlú mìíràn gbà pé ó ṣeé ṣe. Òṣùwọ̀n tí ọ̀pọ̀ wọn ń lò ni pé nínú ẹran 100 tí ó bá wọlé, ó kéré tán 90 gbọ́dọ̀ jáde láàyè. Ìyókù ni èyí tí àìsàn tàbí ìpalára rẹ̀ ti kọjá ìwòsàn, tí ìrora nìkan sì kù fún un.

Àwa tí a ń ṣe é nínú ilé ara wa kò ní ilé ńlá, ṣùgbọ́n ìlérí kan náà ni, ohun tí ó sì máa ń ba ìlérí yìí jẹ́ jù ni kí a gbà ju agbára wa lọ. Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ ka iye tí ẹ lè bọ́, iye tí ẹ lè gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà, àti iye tí ẹ lè fọwọ́ kàn lójoojúmọ́, kí ẹ mú èyí tí ó kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ sì kọ ọ́ sára ògiri. Mẹ́fà ni tèmi. Mo fa ìlà mẹ́fà sára ògiri, orúkọ ológbò kan sì wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí ìlà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá kún tí ẹnì kan sì gbé ìkeje wá, mo máa ń bẹ onítọ̀hún pé kí ó fi í sọ́dọ̀ ara rẹ̀, kí n máa bá a gbé oúnjẹ lọ, kí a sì jọ máa wá ilé fún un láti ibẹ̀. Ó máa ń dùn mí láti sọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, mo ti rí ilé tí a kó ogún ológbò jọ sí yàrá kan, níbi tí otútù tí ọ̀kan mú wọlé ti ran gbogbo wọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tí àwọn tí wọ́n sì ṣì wà láàyè kò jẹ́ kí ènìyàn sún mọ́ wọn mọ́.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá àkọ́kọ́

Ológbò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò gbọdọ̀ bá àwọn tí ó ti wà nílé pàdé fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ẹ wá ibi tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ilé ìwẹ̀ tí a kò lò mọ́, kí ẹ da páálí kan dùbúlẹ̀ kí ó lè rí ibi sá sí, kí ẹ gbé omi sí igun kan àti abọ́ yanrìn sí igun kejì, nítorí ológbò kì í fẹ́ jẹun níbi tí ó ń yàgbẹ́ sí. Yanrìn tí àwọn bíríkìlà fi ń kọ́lé tó fún iṣẹ́ yìí bí a bá jọ̀ ọ́. Ìyẹ̀fun pákó láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń rẹ́ pákó náà dára, ó sì fúyẹ́ láti kó dànù.

Láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yìí ni kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Ọ̀rọ̀ yìí rọ̀ wá lọ́rùn díẹ̀ ní Abẹ́òkúta, nítorí pé Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀, FUNAAB, tí ó wà lọ́nà Àlàbátà, ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko. Ẹ ní kí wọ́n fún un ní oògùn aràn, kí wọ́n wo etí àti eyín rẹ̀, kí wọ́n sì fún un ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi bí ó bá ti pé oṣù mẹ́ta. Abẹ́rẹ́ yìí kì í ṣe ohun tí a ń fi dọ́la. Bí ológbò tí a kò mọ ìtàn rẹ̀ bá bù yín jẹ tàbí tí ó bá ha yín lára, ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí pé bí àmì àìsàn dìgbòlugi bá ti yọ lára ènìyàn, ikú ló máa ń já sí.

Ẹ̀yìn èyí ni iṣẹ́ abẹ tí ológbò kò fi ní bímọ mọ́: a tẹ akọ lọ́dàá, a sì yọ ilé ọmọ fún abo. Abo ológbò lè lóyún láti bí oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún, oyún rẹ̀ kì í sì í ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lọ, nítorí náà ẹni tí ó bá gbé abo tí a kò tíì ṣiṣẹ́ abẹ fún jáde nílé ti gbé iṣẹ́ ọdún tí ń bọ̀ fún ara rẹ̀. Mi ò gbé ológbò kankan fún ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé a ti ṣe èyí tán.

Nǹkan méjì ni mo gbọ́dọ̀ kìlọ̀ nípa rẹ̀, nítorí pé onínúure ni ó máa ń ṣe wọ́n. Ìkíní ni Paracetamol. Bí ara ológbò bá gbóná, ẹ má ṣe fún un ní ìdajì, ẹ má ṣe fún un ní ìdá mẹ́rin, ẹ má ṣe fún un rárá: ẹ̀dọ̀ ológbò kò lè fọ́ oògùn náà bí tiwa, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò bàjẹ́ débi tí kò ní lè gbé atẹ́gùn mọ́, hóró kan ṣoṣo sì tó láti pa á. Ìkejì ni àìjẹun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí ebi bá pa ológbò tó, yóò jẹun fúnra rẹ̀. Ológbò tí kò bá jẹ nǹkan kan fún ọjọ́ méjì, pàápàá èyí tí ó sanra, lè bẹ̀rẹ̀ sí í ní àìsàn ẹ̀dọ̀ tí yóò gbà á lẹ́mìí. Ẹ se ẹja ṣáwá nínú omi lásán, láìsí àlùbọ́sà, láìsí ata, kí ẹ gbé e sí i nígbà tí ó ṣì ń lọ́wọ́ọ́wọ́ kí òórùn rẹ̀ lè fà á; bí ó bá kọ̀ ọ́ di ọjọ́ kejì, ẹ gbé e padà sọ́dọ̀ dókítà.

Kí ni wọ́n ń kọ̀ gan-an?

Ẹ jókòó, kí ẹ kọ ohun tí àwọn tí ó wá wò ó sọ sílẹ̀. Ìdáhùn sí ìdí kan kì í ṣe ìdáhùn sí òmíràn, àṣìṣe tí mo sì ṣe fún ìgbà pípẹ́ ni pé mo ń bẹ àwọn ènìyàn kí wọ́n ṣàánú, nígbà tí ó yẹ kí n dá wọn lóhùn lórí ohun tí ó ń bà wọ́n lẹ́rù.

Ológbò dúdú ni ó pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa. Wọ́n á ní àjẹ́ ni, wọ́n á ní ó ń ké lóru, wọ́n á ní bí ó bá sọdá ọ̀nà ènìyàn, kí onítọ̀hún padà sílé. Mi ò kì í bá àgbàlagbà jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìjiyàn kò sì tíì rí ilé fún ológbò kan rí. Ohun tí mo máa ń ṣe ni kí n ní kí wọ́n jókòó, kí n fún wọn lómi, kí a máa sọ ọ̀rọ̀ mìíràn, kí ológbò náà máa ṣe tirẹ̀ nínú yàrá. Ẹni tí ó bá ti wo ológbò dúdú fún ìdajì wákàtí, bí ó ti ń fi ọwọ́ fọ ojú, tí ó ń lé òjìji eṣinṣin kiri, tí ó sì ń na ara nínú oòrùn, á ti máa rí ẹran ilé báyìí, kì í ṣe ohun tí wọ́n fi dẹ́rù bà á ní kékeré. Orúkọ pẹ̀lú ń ṣiṣẹ́. Orúkọ a máa ro ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni a ti ń gbọ́ ọ. Olójú kan tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní orúkọ ju "Dúdú" lọ fún oṣù mẹ́jọ. Ọjọ́ tí mo yí i padà sí Adúmáradán ni àwọn ìyá àdúgbò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí i, torí pé oríkì arẹwà ni wọ́n gbọ́, ọ̀kan nínú wọn sì pè é mọ́ra.

Fún arúgbó, ẹ̀rù tí ó wà níbẹ̀ ni owó ìtọ́jú àti ikú. Ẹ sọ ọ́ gbangba pé ológbò tí a ń tọ́jú dáadáa nínú ilé lè pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pé eléyìí ti pé mọ́kànlá, pé kíndìnrín ni ó sábà máa ń dá arúgbó wọn láàmú, bí ó bá sì ń mu omi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí wọ́n gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Àgbàlagbà tí ó ti fẹ̀yìn tì ni ẹ óò wá, ẹni tí kò fẹ́ ọmọ ológbò tí yóò máa gun kọ́tìnì rẹ̀.

Àwọn kan ní kòkòrò FIV, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Kalifóníà ní ọdún 1986, tí ó sì ń sọ agbára ìgbóguntàrùn ológbò di aláìlágbára bí HIV ti ń ṣe fún ènìyàn. Kì í ran ènìyàn. Jíjẹ tí ológbò bá ń jẹ ara wọn lójú ìjà ni ó fi ń ràn jù, nítorí náà ilé tí kò sí ológbò mìíràn, tí kò sì ní máa jáde, ni ó yẹ ẹ́, ó sì lè lo ọ̀pọ̀ ọdún níbẹ̀ láìsí wàhálà.

Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta àti olójú kan ni ó rọrùn jù láti bá wá ilé, bí ẹ bá ti lè jẹ́ kí ènìyàn rí wọn níbi tí wọ́n ti ń rìn, tí wọ́n ti ń fò.

Èyí tí ẹ̀rù ń bà

Ibi tí sùúrù ti ń tán nìyí. Ọmọ ológbò tí kò fojú kan ènìyàn láàárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkeje ayé rẹ̀ á máa wo ènìyàn gẹ́gẹ́ bí ohun tí ń pa á jẹ, ìyẹn kì í sì í ṣe ìwà burúkú. Abo kan wá sọ́dọ̀ mi láti ẹ̀yìn ọjà Kútọ̀, àwọ̀ eérú ni, mo sì sọ ọ́ ní Sùúrù. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni kò fi jẹun lójú mi.

Bí mo ti ṣe é nìyí. Lálaalẹ́, ní aago méje, mo máa ń gbé abọ́ ẹja wọ yàrá, mà á gbé e sí ìtòsí páálí rẹ̀, mà á sì jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, mà á kọ ẹ̀gbẹ́ sí i, torí pé ẹni tí ó bá tẹjú mọ́ ológbò ń pè é níjà ni. Mà á máa ka ìwé jẹ́jẹ́ sókè kí ó lè mọ ohùn mi. Bí ó bá wò mí, mà á rọra di ojú, mà á rọra là á. Ìṣẹ́jú ogún, mà á jáde. Bí ó bá jẹun lójú mi fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra, mà á sún abọ́ mọ́ ara mi ní ìwọ̀n ọwọ́ kan, kì í ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá sì padà sá, mà á dá abọ́ náà padà sí ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀ láìbínú. Ní ọ̀sẹ̀ keje, abọ́ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún mi. Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ó fi imú kan ẹ̀yìn ọwọ́ mi, imú náà tutù, ó gbọ̀n rìrì, ó sì padà sẹ́nu ẹja rẹ̀. Mi ò fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ náà.

Àwọn kan wà tí wọn kò ní dé ibi tí Sùúrù dé láé, pàápàá àwọn tí ó ti dàgbà sí ìta. A kì í fi tipátipá sọ wọ́n di ológbò orí itan. Ilé tí ó yẹ wọ́n ni ibi tí iṣẹ́ wà: ilé ìkẹ́rùsí ìrẹsì ní Kútọ̀ tàbí Láfẹ́ńwá, tàbí oko adìẹ níbi tí eku ti ń jẹ oúnjẹ adìẹ. Ẹ gbé wọn lọ ní méjì-méjì bí wọ́n bá mọ ara wọn. Ẹ fi wọ́n sínú àgò ńlá tí a bo apá kan rẹ̀, nínú ilé ìkẹ́rùsí náà gan-an, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, kí ẹnì kan náà máa bọ́ wọn ní àkókò kan náà, kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn àgò. Bí ẹ bá ṣí i ní ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n á sá, wọn kò sì ní padà. Ẹ bá ọlọ́jà ṣe àdéhùn lórí nǹkan méjì. Kò gbọdọ̀ lo májèlé eku mọ́, nítorí ológbò tí ó bá jẹ eku tí ó jẹ májèlé lè bá a kú. Kò sì gbọdọ̀ febi pa wọ́n kí wọ́n lè máa dọdẹ, torí pé ológbò tí ó yó ṣì ń pa eku, ẹ̀dá rẹ̀ nìyẹn, èyí tí ebi ń pa ni yóò kúrò níbẹ̀ lọ wá oúnjẹ.

Ìkéde

Ẹ ya fọ́tò ní òwúrọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí ojú ológbò hàn ketekete. Ológbò dúdú gbọ́dọ̀ wà lórí aṣọ tí ó mọ́lẹ̀; àdìrẹ ẹlú tí a fi ń yangàn ní Ìtòkú kò dára fún èyí, á gbé e mì. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ sábẹ́ fọ́tò Adúmáradán ni mo kọ síhìn-ín, kí ẹ lè wo bí ó ti rí:

"Adúmáradán: abo, bí ọdún mẹ́rin. Ojú ọ̀tún nìkan ni ó fi ń ríran. A ti yọ ilé ọmọ rẹ̀, ó sì ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Kò fẹ́ kí a gbé òun, yóò sì ha ẹni tí ó bá fi agídí gbé e. Ariwo ọmọdé máa ń lé e wọ abẹ́ ibùsùn. Bí ẹ bá ń jókòó ṣiṣẹ́ nílé, yóò wá sùn ti ẹsẹ̀ yín títí ẹ ó fi dìde. Ilé tí ó dákẹ́ ni ó ń fẹ́."

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n yọ gbólóhùn híha yẹn kúrò. Mo fi í sílẹ̀, torí pé èyí tí a bá fi pamọ́ níhìn-ín ni yóò gbé ológbò padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì.

Ẹ fi ìkéde náà sórí WhatsApp, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilé dókítà ẹran, ẹ sì sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ti mọ hádíìsì tí ó sọ pé ológbò kì í ṣe ẹlẹ́gbin, pé ó wà lára àwọn tí ń yí wa ká nínú ilé, nítorí náà ìlẹ̀kùn wọn sábà máa ń yára ṣí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì náà á wá, wọ́n sì ń nífẹ̀ẹ́ ẹran tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí ológbò yóò wà nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti pa.

Ẹni tí ó wá mú un

Ẹ bi í bóyá ilé rẹ̀ ni tàbí ayálégbé ni. Bí ó bá jẹ́ ayálégbé, ẹ fúnra yín bá onílé sọ̀rọ̀, ẹ má ṣe gba "wọ́n á gbà" gbọ́. Ẹ bi í bóyá àwọn ará ilé fọwọ́ sí i, bóyá wọ́n ń da oògùn eku sílẹ̀, ta ni yóò máa bọ́ ọ bí òun bá rìnrìn àjò. Kí ẹ sì lọ wo ilé náà.

Àwọn kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ gbé ológbò fún láé. Ẹni tí ó ń béèrè bóyá irun funfun kankan wà lára ológbò dúdú, tí ó sì fẹ́ èyí tí kò ní ẹyọ kan, kò wá ẹran ilé. Ẹni tí ó ń fọwọ́ wọn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ó lè mọ bí ó ti sanra tó náà kò wá a. Ẹni tí ó fẹ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, tí kò sì fẹ́ kí ẹ mọ ilé rẹ̀, ẹ kí i, kí ẹ ti ilẹ̀kùn. Ìdí nìyí tí mo fi ń gba owó díẹ̀, tí mo sì ń jẹ́ kí a kọ̀wé, torí pé ọ̀fẹ́ ni àwọn báyìí ń wá.

Ilé tuntun

Ẹ fi aṣọ tí ó ti ń sùn lé lórí ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Kí wọ́n fún un ní yàrá kan ṣoṣo fún ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán, kí wọ́n má fà á jáde lábẹ́ ibùsùn, kí ó má sì fẹsẹ̀ kan ìta kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé. Fún èyí tí ẹ̀rù ń bà, oṣù mẹ́ta ni kí wọ́n retí kí ó tó fara balẹ̀.

Aránṣọ kan ní Ìjẹ̀mọ̀, tí ó ń ránṣọ nínú ilé ara rẹ̀, ni ó pè mí nítorí gbólóhùn "yóò wá sùn ti ẹsẹ̀ yín". Nígbà tí mo lọ wo ilé, òwú wà nílẹ̀ káàkiri. Mo ní kí ó máa kó gbogbo rẹ̀ àti abẹ́rẹ́ sínú agolo tí ó ní ìdérí, nítorí òwú tí ológbò bá gbé mì lè fún ìfun rẹ̀ pọ̀, kí ó sì gé e nínú. Ó ra agolo bisikíìtì méjì lọ́jọ́ náà, ìgbà yẹn ni ọkàn mi balẹ̀.

Ẹ pè é ní ọjọ́ kẹta, ní ọ̀sẹ̀ kejì, àti ní oṣù kẹta, kí ẹ sì béèrè oúnjẹ, ìgbẹ́ àti ibi tí ó ń sùn, kì í ṣe "ṣé dáadáa ni?" nìkan. Kí ó wà nínú ìwé àdéhùn pé bí ohunkóhun bá yẹ̀, ọ̀dọ̀ yín ni kí wọ́n gbé e padà sí, nígbàkígbà, láìsí èébú. Ẹni tí ojú bá ń tì láti dá ológbò padà ni yóò já a sílẹ̀ lálẹ́ létí odò Ògùn. Bí ó bá sì padà dé, ẹ jẹ́ kí ó sinmi, kí ẹ fi ohun tuntun tí ẹ gbọ́ nípa rẹ̀ kún ìkéde, torí pé ilé tí kò bá a mu ti sọ irú èyí tí yóò bá a mu fún yín.

Nítorí náà, mi ò kì í pa orúkọ ológbò rẹ́ lára ògiri lọ́jọ́ tí ó bá lọ. Mo máa ń fi ìlà rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, kí àyè lè wà bí ó bá padà, mi ò sì ní gba òmíràn sí i bí ó ti wù kí wọ́n bẹ̀ mí tó. Ní ọjọ́ kẹta, aránṣọ náà ní abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ni ó wà, pé kò jẹun lójú òun, ṣùgbọ́n abọ́ máa ń gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní ọjọ́ kọkànlélógún, ó ní òun kò lè tẹ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ mọ́, nítorí pé orí rẹ̀ ni ológbò náà ń sùn lé, òun sì ti lọ jókòó sórí àga mìíràn láti máa fi ọwọ́ ṣẹ́ etí aṣọ. Mo pa Adúmáradán rẹ́, mo sì pe ẹni tí ń bá mi tọ́jú ìkeje.